Máṣíìnì Káàdì Tó Pa Kọ́kọ́rọ́ Ara Rẹ̀ Rẹ́ ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọ̀gá atúnfóònùṣe náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní ó tú máṣíìnì tí wọ́n fi ń gba owó lórí káàdì, pé ó yọ nǹkan kan nínú rẹ̀, àti pé ohun tó yọ yẹn ló fẹ́ fi kó owó àwọn àlejò ní báǹkì wọn. Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí, ọ̀rọ̀ ti kúrò láàárín èèyàn méjì. Ó ti dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, ó ti dé etí ẹgbẹ́ àwọn atúnfóònùṣe lágbègbè ọjà Ouando, wọ́n sì ti ń dárúkọ ọlọ́pàá sí i. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó dá mi lójú pé irú rẹ̀ á tún wáyé, ìbáà ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), ìbáà ṣe ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, bí máṣíìnì wọ̀nyí ṣe ń dé ọwọ́ àwọn oníṣòwò wa. Àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn yọ̀ǹda kí n kọ ọ́, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ ni. Obìnrin tó ni ilé àlejò ni n ó máa pè ní Màmá, atúnfóònùṣe ni n ó máa pè ní Ọ̀gá. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n náà nìyẹn.

Ilé àlejò Màmá wà lápá Oganla. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́, kì í sì í ṣófo. Àwọn tó wá wo ààfin Honmè máa ń sùn síbẹ̀, àti àwọn tó wá ya fọ́tò mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà Mùsùlùmí, ìran àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá, kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bràsíìlì. Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ayẹyẹ Vodun ọjọ́ 10 bá kó àwọn ará òkèèrè wá sí Ouidah, díẹ̀ nínú wọn a máa ya Àjàṣẹ́. Irú wọn kì í kó owó sẹ́fà rẹpẹtẹ rìn, káàdì ni wọ́n fi ń sanwó. Ìdí nìyí tí Màmá fi gba máṣíìnì tí gbogbo èèyàn ń pè ní TPE. Máṣíìnì ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀. Báǹkì ló gbé e fún un, ó sì ń san owó lé e lóṣooṣù.

Ihò tí ṣájà ń wọ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọmọ tó ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò máa ń ki ṣájà bọ̀ ọ́ lóru láìtan iná, títí ahọ́n kékeré inú rẹ̀ fi tẹ̀. Wọ́n pe aṣojú báǹkì, ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ kejì wọ́n tún pè é, ó ní òun ti wà lọ́nà. Àlejò kún ilé, ọyẹ́ ń gbé eruku wọlé, bátìrì máṣíìnì ti kú pátápátá, àwọn méjì sì fẹ́ sanwó kí wọ́n tètè dé Kútọnu lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Màmá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun gun zém, alùpùpù akérò, kó gbé e lọ fún Ọ̀gá ní Ouando.

Ọ̀gá kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀, fóònù ló wá bá a níbẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn dé Kútọnu. Ihò ṣájà lásán, iṣẹ́ tó lè ṣe pẹ̀lú ojú dídì ni. Ó tú àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn máṣíìnì náà, ó ṣí èèpo rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun rí abala tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀ bí ike, aláwọ̀ ìdẹ, tí ìlà wẹ́wẹ́ ń lọ tí ó ń bọ̀ lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó bo ibi tí òun fẹ́ dé, òun sì rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yọ ihò ṣájà àtijọ́, ó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ tuntun mọ́ ọn, ó dé èèpo padà, ó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Iná tàn. Ó tẹ bọ́tìnì pé kó jí. Ìkìlọ̀ Faransé kan yọ lójú rẹ̀ pé ẹnì kan ti wọ inú máṣíìnì, ìkìlọ̀ náà sì dúró síbẹ̀. Kò sí bọ́tìnì tó tẹ̀ tí ó dáhùn. Ó yọ bátìrì, ó fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, ó dá a padà. Ìkìlọ̀ kan náà ni.

Màmá ka ìkìlọ̀ ọ̀hún fún aṣojú báǹkì lórí fóònù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dàrú. Aṣojú tí kò ráyè wá láti ọjọ́ yìí ráyè sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹni yẹn lọ o. Ohun tí àwọn olè máa ń ṣe nìyẹn.” Gbólóhùn kan ṣoṣo, láti ẹnu ẹni tí kò rí máṣíìnì náà sójú, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n mú olè káàdì ní Ouando. Àwọn tó gbé fóònù fún Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbà á padà láìtíì tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ọjà pé ṣé wọn ò tíì yọ nǹkan kan nínú tòun náà.

Nígbà tí mo dé ilé olórí ẹbí Màmá, èèyàn ti kún àgbàlá. Bàbá jókòó sórí ẹní rẹ̀, àwọn méjì láti ẹgbẹ́ àwọn atúnfóònùṣe jókòó sápá kan pẹ̀lú Ọ̀gá, Màmá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní òdìkejì. Wọ́n ti bu iye tí wọ́n fẹ́ kó san, iye náà sì ju ohun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń mú wọlé lóṣù lọ. Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Ó ní, “Ìwọ lo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà nínú gbogbo wa. Ṣé ó jí nǹkan, àbí kò jí?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi inú irú rẹ̀ hàn yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó dáhùn.”

Mo ní ọ̀kan nílé tó ti kú tipẹ́, tí báǹkì tó ni ín ti yọ kúrò nínú ìwé. Òun ni mo gbé dání. Mo ṣí i síwájú Bàbá, mo ní kí ọmọ kan mú tọ́ọ̀ṣì wá. Lábẹ́ rọ́bà bọ́tìnì, ojú dúdú róbótó róbótó wà lára pátákó rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà létí tí kò bá bọ́tìnì kankan lọ. Bàbá fi èékánná kan ọ̀kan, ó béèrè ohun tí èyí ń ṣe. Mo ní èèpo máṣíìnì ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí èèpo bá gbé sókè díẹ̀, ojú dúdú yẹn á jọ̀wọ́ ohun tó dì mú, máṣíìnì á sì mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣí òun. Mo fa abala tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìdẹ jáde, irú èyí tí Ọ̀gá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọ̀n wáyà ni. Ìlà rẹ̀ tín-ínrín, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá lu ihò sí i, tó bá gé e, tàbí tó yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, ti dí ọ̀nà iná yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo fi pílì hàn wọ́n, pílì róbótó bíi ti aago ọwọ́, tí wọ́n ti jó mọ́ ara pátákó. Bátìrì ńlá lè kú, wọ́n lè pa máṣíìnì, wọ́n lè kó o sínú àpótí ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Pílì yìí kò ní í sùn. Òun ló ń bọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹgbẹ́ mí kanlẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí wọ́n gbé e wá, kò tan iná kankan. Òkú la rò pé a ń tú.”

Bàbá béèrè pé kí ló wá ń ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé owó wà nínú rẹ̀ ni. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ lọ́jọ́ náà. Owó kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí, nọ́ńbà gígùn kan tí ojú èèyàn kan ṣoṣo kò rí lódindi rí. Bí àlejò bá ki káàdì bọ̀ ọ́, tó tẹ kóòdù rẹ̀, kóòdù yẹn kò gbọdọ̀ jáde nínú máṣíìnì bó ṣe wà. Máṣíìnì á fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí sọ ọ́ di àdììtú, àdììtú ni yóò gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ sí báǹkì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tú u. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá bọ́ sí lọ́wọ́ á lè tú kóòdù gbogbo ẹni tó ń kọjá níbẹ̀. Nítorí náà, inú mẹ́mórì kan tí pílì ń mú wà láàyè ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, wọ́n sì pàṣẹ fún máṣíìnì pé bí wọ́n bá ti ṣí i, kó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn kò lo irú mẹ́mórì tó ń rántí nǹkan láìsí iná, nítorí iyẹn kì í tètè parẹ́, ipasẹ̀ sì lè kù nínú rẹ̀.

Mẹ́mórì tí pílì ń bọ́ yìí pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Ní ọdún 2002, Sergei Skorobogatov ní Yunifásítì Cambridge tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé bí òtútù bá mú irú mẹ́mórì bẹ́ẹ̀ gidigidi, ó lè di ohun tó wà nínú rẹ̀ mú fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti lọ. Olè lè dì í ní yìnyín kó tó gé pílì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ máṣíìnì wọ̀nyí fi ń wọn òtútù àti ooru ara wọn, tí wọ́n sì máa ń pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ bí òtútù bá ti pọ̀ jù.

Mo padà sórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí Ọ̀gá bá tilẹ̀ fẹ́ jí nǹkan, ohun tó tọ́ láti jí ti parẹ́ kí ó tó gbé èèpo kúrò tán. Ihò ṣájà tuntun nìkan ló fi kún máṣíìnì yẹn, kò sì yọ ohunkóhun tó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Màmá béèrè pé kí ló dé tí Ọ̀gá kò fi lè dá kọ́kọ́rọ́ náà padà, nígbà tó jẹ́ pé ó ń dá gbogbo nǹkan padà sínú fóònù. Mo ṣàlàyé fún un pé nígbà tí wọ́n bá ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú irú máṣíìnì yìí níbẹ̀rẹ̀, inú yàrá tí wọ́n tì ni, èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ ló sì ń ṣe é, apá kan lọ́wọ́ ẹnì kan, apá kejì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹnì kan má baà mọ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é ní Ouando. Aṣojú tó ń pariwo lórí fóònù kò lè ṣe é náà.

Ìgbà yẹn ni àgbà ẹgbẹ́ wọn fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní irú ohun èlò wo ló ń fura sí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pa ara rẹ̀ nítorí wọ́n fẹ́ wò ó sàn. Mo mọ ibi tó ti ń dùn ún. Iṣẹ́ tiwọn dá lé orí pé ohun tí èèyàn ṣe, èèyàn lè tú u, kó sì tò ó padà, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ tó dára ni fún ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra fóònù tàbí rédíò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ronú nípa irú máṣíìnì yìí. Láyé àtijọ́, kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ owó wà nínú yàrá tí wọ́n tì, ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá yẹn, ẹ̀ṣọ́ kò bá a jáde. Ó di pé kí ẹ̀ṣọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ọdún 1974 ni Roland Moreno ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé ẹ̀rí lórí káàdì tó ní mẹ́mórì tirẹ̀, nígbà tó sì fi di ìparí ọdún 1992, gbogbo káàdì báǹkì ilẹ̀ Faransé ti ní ṣíìpù lára. Síìmù tó wà nínú fóònù wa, ọmọ ìyá kan náà ni: ilé iṣẹ́ fóònù ló ni àṣírí inú rẹ̀, ọwọ́ oníbàárà ló wà. Mítà iná tí a ń sanwó fún kí a tó lò ó, tí a ń tẹ nọ́ńbà 20 sínú rẹ̀, inú ilé ẹni tí yóò jèrè bí mítà bá purọ́ ni wọ́n gbé e kọ́ sí.

Ẹni tó ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé ọ̀tá á ti ìta wá. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n kọ́ gbogbo iṣẹ́ náà lé. Olè lè jẹ́ ọmọ ìta tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó lè jẹ́ ọmọ tó ń gbálẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gan-an. Kì í sì í ṣe àlá lásán. Ní ọdún 2006, àwọn olè fi máṣíìnì tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ gba ohun tó wà lórí káàdì àti kóòdù àwọn èèyàn ní àwọn ilé epo kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn ló bá a lọ. Lọ́dún 2006 yẹn kan náà ni American Express, Discover, JCB, MasterCard àti Visa jọ dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń gbé òfin ààbò káàdì kalẹ̀. Òfin wọn ló wá ń sọ bí máṣíìnì kóòdù ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ń tú òun, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe.

Mo sọ èyí fún wọn tán, mo wá sọ ìdajì kejì, èyí tí aṣojú báǹkì kò mọ̀ tàbí tí kò fẹ́ mọ̀. Ìkìlọ̀ tó yọ lójú máṣíìnì kì í ṣe ìdájọ́. Ohun kan péré ló mọ̀: pé ọ̀nà iná kan ti dí. Kò mọ ẹni tó dí i, kò mọ ìdí tó fi ṣe é. Máṣíìnì tó bá já bọ́ lórí tábìlì sórí sìmẹ́ǹtì lè gbé ìkìlọ̀ kan náà jáde. Èyí tí pílì inú rẹ̀ bá gbó náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án. Ṣé a ó wá mú pílì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì kì í fẹ́ kí ìkìlọ̀ yọ rárá. Ní ọdún 2008, Saar Drimer, Steven Murdoch àti Ross Anderson ní Cambridge mú oríṣi máṣíìnì méjì tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn aláṣẹ ti fọwọ́ sí. Wọ́n rí i pé èèyàn lè gba ihò kékeré lẹ́yìn rẹ̀ ki irin tín-ínrín wọlé, kó fọwọ́ kan ibi tí káàdì àti máṣíìnì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kó sì ka ohun tó ń kọjá. Àwọ̀n wáyà kò mọ̀. Máṣíìnì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọdún 2001, Mike Bond àti Richard Clayton, Cambridge náà ni wọ́n wà, fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fa kọ́kọ́rọ́ jáde nínú IBM 4758 hàn, àpótí tí àwọn báǹkì fi ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí wọn. Àpótí yẹn ti gba ipele kẹrin, ipele tó ga jù lọ, nínú òfin ààbò FIPS 140-1 ti ìjọba Amẹ́ríkà. Wọn kò ṣí i, wọn kò lu ihò sí i. Àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ́ ọ láti máa gbà ni wọ́n tò tẹ̀ léra lọ́nà tí ẹni tó ṣe é kò rò. Mo ka irú ìwádìí báyìí sí iṣẹ́ rere, torí àwọn tó ṣe é sọ ọ́ síta kí wọ́n lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó tú nọ́ọ̀tì lójú ọjà ní ọ̀sán gangan, tó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ ihò ṣájà tuntun, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá máṣíìnì padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ lójú rẹ̀, kò hùwà bí olè.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Màmá, ó ní kó bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Màmá dìde, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ máà bínú sí mi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ.” Ọ̀gá dáhùn pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n pé ọjà ni wọ́n ti bú òun, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́jà. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó sì sọ ọ́ létí gbogbo àwọn aládùúgbò.

Orúkọ Ọ̀gá ti mọ́, ṣùgbọ́n owó Màmá ṣì wà nínú ewu, èyí sì ni apá tó mú iṣẹ́ wá jù. Máṣíìnì TPE kì í fi owó ránṣẹ́ sínú àpò oníṣòwò lójú ẹsẹ̀. Bí àlejò bá tẹ kóòdù, báǹkì rẹ̀ á yọ̀ǹda, á sì ya iye yẹn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni máṣíìnì máa ń kó ìṣirò gbogbo ọjọ́ náà jọ, tí á fi ránṣẹ́. Télécollecte ni wọ́n ń pè é. Ihò ṣájà tó bàjẹ́ ti mú kí máṣíìnì Màmá wà ní pípa lálẹ́ ọjọ́ méjì léra. Ìṣirò ọjọ́ méjèèjì kò tíì lọ nígbà tí Ọ̀gá ṣí i. Bó wà nínú rẹ̀, bí kò sí, kò sí ẹni tó lè mú un jáde mọ́, torí ojú ìkìlọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró sí. Bí báǹkì àwọn àlejò kò bá sì rí ìṣirò kankan lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tú owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ sílẹ̀ padà fún oníkáàdì. Ẹni tó ti sùn, tó ti jẹun, tó ti lọ, á wá di ẹni tí kò sanwó, láìjẹ́ pé òun gan-an mọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ló kó wa yọ. Màmá máa ń kó ẹ̀dà tirẹ̀ sínú agolo wàrà kan lábẹ́ tábìlì, mo sì dúpẹ́ fún agolo yẹn. Méje ló jẹ́ ti ọjọ́ méjì náà. Nọ́ńbà tí báǹkì fi yọ̀ǹda wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, iye owó, àti ìwọ̀nba nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára káàdì. Ohun tí báǹkì nílò láti tún ìṣirò náà ṣe lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹyọ kan nínú méjèèje kò sí nínú agolo. Ojú fèrèsé ni ọmọ ìgbàlejò fi í sí. Bébà tíkẹ́ẹ̀tì yìí kì í lo yíǹkì, ooru ló ń mú un dúdú, ooru àti oòrùn náà ló sì ń sọ ọ́ di òfìfo. Nígbà tí a gbé e sábẹ́ iná, orúkọ ilé àlejò nìkan la rí kà, àti apá òkè nọ́ńbà méjì. Màmá wá obìnrin Faransé tó ni ín rí lórí WhatsApp. Obìnrin náà ti dé ilé rẹ̀, ẹ̀dà tirẹ̀ ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. A kó méjèèje lọ sí báǹkì ní Kútọnu, a gba ìwé pé wọ́n ti gbà á. Owó náà wọlé.

Máṣíìnì ńkọ́? Báǹkì kọ̀wé pé Màmá ni yóò san owó rẹ̀, nítorí ìwé àdéhùn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Lóòótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ó wà lójú ìwé tó kẹ́yìn, lẹ́tà wẹ́wẹ́, lédè Faransé tí Màmá kì í kà, tí aṣojú sì ní kó kàn fọwọ́ sí. Ìlẹ̀mọ́ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn máṣíìnì ti pa rẹ́ lábẹ́ òógùn ọwọ́. A dá èsì padà fún wọn: a ka ìgbà tí Màmá pe aṣojú nínú fóònù rẹ̀ sínú lẹ́tà, a béèrè ẹni tó ṣàlàyé fún un lédè tó gbọ́. Wọ́n dín owó náà kù sí ìdajì. Màmá san án. Ọ̀gá ní òun fẹ́ dá sí i, Bàbá ní kò gbọdọ̀ dá kọ́bọ̀ kan. Aṣojú kò tíì wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni báǹkì kò tíì dáhùn sí ohun kejì tí a béèrè nínú lẹ́tà, pé kí wọ́n máa fi Yorùbá tàbí Gùn sọ fún oníṣòwò, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé máṣíìnì fún un, pé títú rẹ̀ kò sí, pé kó máa pa tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ sínú òkùnkùn, kó sì mọ ẹni tí yóò pè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà wọ́n. N kò rí ìdí kankan tí wọn kò fi lè ṣe é.

Ẹgbẹ́ àwọn atúnfóònùṣe kò dúró de báǹkì. Wọ́n ní kí n gbé òkú máṣíìnì mi wá sí ìpàdé wọn, gbogbo wọn, àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́, sì fojú ara wọn rí àwọ̀n wáyà, ojú dúdú àti pílì. Wọ́n fẹnu kò pé ohunkóhun tó bá ní ojú ihò káàdì àti bọ́tìnì kóòdù pọ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan nọ́ọ̀tì rẹ̀, bí ẹni tó gbé e wá tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá gan-an ló sì rí ohun tí gbogbo wa fojú fò. Ó yí òkú máṣíìnì náà padà, ó fi ojú irin kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé irú rẹ̀ lé orí socle, ìyẹn ìjókòó tí wọ́n fi ń ṣájì rẹ̀, iná á sì gba ibẹ̀ wọ bátìrì láìlo ihò ṣájà. Socle kan ni wọn ì bá wá fún Màmá lọ́jọ́ náà. Ó ti bá a wá ọ̀kan báyìí, ó sì ní méjì sí i ní ṣọ́ọ̀bù tó ń yá àwọn tí ihò ṣájà tiwọn bá bàjẹ́, títí aṣojú wọn yóò fi dé.